Ìtàkùn tó ń bo igi obì àti fẹ́ǹsì ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: kí ni, báwo ló ṣe dé, kí ni wọ́n lè ṣe sí i?

Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa báyìí, àwòrán ìtàkùn ló máa ń gba orí WhatsApp kan ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ẹnì kan á ya igi obì tí ewé rẹ̀ kò hàn mọ́. Ẹlòmíràn á ya fẹ́ǹsì ilé tí wọn ò kọ́ parí, tàbí òpó iná tí wáyà rẹ̀ ti wọ inú ewé lọ. Abẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní ìtàkùn Ṣáínà ni. Àwọn kan á fi fídíò kudzu, ìtàkùn tó ń bo ilé ní Amẹ́ríkà, ránṣẹ́, wọ́n á ní òun ló ti dé. Àwọn àgbà á ní kò sí nǹkan tuntun níbẹ̀, igbó Akíntọ́lá àtijọ́ ló tún ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Ìmọ̀ràn ò sì níye: ẹ da iyọ̀ sí i, ẹ da ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù sí i, ẹ ti iná bọ̀ ọ́.

Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀: ìtàkùn wo? Oríṣi tó wà nínú àwọn àwòrán yẹn kì í ṣe ẹyọ kan. Ohun tó ń kápá ọ̀kan kì í kápá èkejì, ẹni tó sì yẹ kó dáhùn fún ọ̀kan kọ́ ló yẹ kó dáhùn fún èkejì.

Ìtàkùn wo gan-an là ń sọ?

Èyí tó ń fa ariwo jù ni Mikania. Ewé rẹ̀ máa ń yọ ní méjì-méjì láti oríkèé kan náà lára okùn rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ewé náà fẹ̀ nídìí, ó mú ṣóńṣó lórí, etí rẹ̀ sì sábà máa ń ní eyín wẹ́wẹ́. Kò ní ọwọ́ tín-ín-rín tí ejìnrìn fi ń di nǹkan mú. Okùn rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń lọ́ mọ́ ohunkóhun tó bá kàn. Òdòdó rẹ̀ kéré, ó funfun, ó máa ń ṣù jọ pọ̀. Bó bá gbẹ, irúgbìn tín-ín-tìn-tín tó ní irun lórí ló máa ń kù, atẹ́gùn á sì gbé e lọ síbi tó bá wù ú.

Oríṣi Mikania pọ̀, méjì ló kàn wá. Mikania cordata jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, ó ti wà nínú igbó wa tipẹ́tipẹ́. Mikania micrantha wá láti àárín gbùngbùn àti gúúsù Amẹ́ríkà, òun sì ni òkìkí rẹ̀ kàn lágbàáyé: àjọ IUCN tó ń rí sí ààbò ohun abẹ̀mí kọ ọ́ sínú àkójọ 100 àjèjì tó ń ṣọṣẹ́ jù lọ ní ayé. Íńdíà, Nepal, gúúsù Ṣáínà àti àwọn erékùṣù Pàsífíìkì ń bá a jà títí di òní. Ó tún ti dé Mauritius, lẹ́bàá Áfíríkà wa níbí.

Ojú lásán kò lè fi ìrọ̀rùn dá àwọn méjèèjì mọ̀. Irúgbìn ni wọ́n ń wò. Ti micrantha kéré ju ti ìkejì lọ, irun orí rẹ̀ máa ń wà láàárín 32 sí 38, ó sì funfun. Ti cordata máa ń tó 40 sí 45, a sì máa pọ́n díẹ̀ bó bá gbó. Ẹ lè rí i pé ẹni tó bá wo fọ́tò ewé lórí fóònù tó sì ní “àjèjì ni, mo mọ̀ ọ́n” ń méfò ni. Fún àgbẹ̀ tó fẹ́ gba igi obì rẹ̀ là lónìí, ìyàtọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan, nítorí ìwà wọn jọra. Fún ìjọba àti àwọn tó ń ṣọ́ ohun tó ń wọ orílẹ̀-èdè, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ìtàkùn kejì nínú àwọn àwòrán náà ni èyí tí àwọn tó ti ṣiṣẹ́ oko rọ́bà rí mọ̀ sí puero, Pueraria phaseoloides. Ewé mẹ́ta ló máa ń wà papọ̀ bíi ti ẹ̀wà, okùn rẹ̀ nírun lára, òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́. Wèrèpè náà ní ewé mẹ́ta, òun ló sì ń dàrú mọ́ puero jù. Àmọ́ òdòdó àlùkò ti wèrèpè máa ń so rọ̀ sísàlẹ̀, irun tó bo èso rẹ̀ sì ń yún ènìyàn débi pé ẹni tó bá ti fara kàn án rí kò nílò àlàyé. Ejìnrìn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, pẹ̀lú òdòdó yẹ́lò àti èso tó máa ń là bó bá pọ́n. Kì í ṣe òun ló ń da oko rú bẹ́ẹ̀, a kàn ń rí i lórí gbogbo fẹ́ǹsì ni.

Ṣé kudzu inú fídíò Amẹ́ríkà ló dé yìí?

Rárá. Fídíò náà kì í ṣe irọ́, ibòmíràn ni wọ́n ti yà á. Kudzu tó wà níbẹ̀ jẹ́ ọmọ ìlà-oòrùn Éṣíà. Wọ́n gbé e wá sí ìpàtẹ ńlá tó wáyé ní Philadelphia lọ́dún 1876, àwọn ènìyàn sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ibòòji. Láàárín ọdún 1930 sí 1949, ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ló ń san owó fún àgbẹ̀ kí wọ́n gbìn ín, kí ọ̀gbàrá má baà wọ́ ilẹ̀ lọ. Lásìkò ooru, ó lè fi nǹkan bíi 30 sẹ̀ǹtímítà gùn lóòjọ́. Puero jẹ́ ìbátan rẹ̀, Pueraria ni orúkọ àwọn méjèèjì ń bẹ̀rẹ̀, bí ìdàrúdàpọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ta ló gbé wọn wá?

Ó rọrùn fún wa láti gbà pé ẹnì kan ló mú un wá, nítorí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Akíntọ́lá, igbó tí àwọn kan ń pè ní Akíntọ́lá-takú tí àwọn mìíràn sì ń pè ní Awólọ́wọ̀ (bí ẹ bá wà ní Ìkẹ́nnẹ́, ẹ fọgbọ́n mú orúkọ tí ẹ óò pè é), kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Amẹ́ríkà ni orísun rẹ̀. Ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ ni pé ó fara pamọ́ sáàárín irúgbìn igi Gmelina tí wọ́n kó láti Sri Lanka, ó sì wọ Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1937. Gmelina yìí kan náà ni wọ́n padà gbìn lọ jàra nínú igbó ọba Ọmọ, ní J4, ní ìlà-oòrùn Ìjẹ̀bú. Akíntọ́lá kì í ṣe ìtàkùn, ṣùgbọ́n ìdílé kan náà ni òun àti Mikania, àwọn méjèèjì ló sì ń fi irun orí irúgbìn rìnrìn àjò.

Puero ní tirẹ̀ kò yọ́ wọlé. Wọ́n gbìn ín ni. Ọmọ gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà ni, àwọn olóko rọ́bà àti olóko ọ̀pẹ ńlá káàkiri ilẹ̀ olóoru sì máa ń gbìn ín sáàárín igi. Ó ń bo ilẹ̀ kí koríko má baà hù, ó ń dá ọ̀gbàrá dúró, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń fa náítírójìn inú afẹ́fẹ́ wọ ilẹ̀. Ibi tí oko rọ́bà bá wà, bíi ti Ìlúṣin ní ìhà omi Ìjẹ̀bú, irú ìtàkùn báyìí kì í jìnnà síbẹ̀. Wàhálà rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pa oko náà tì, tí kò sí ẹni tó ń roko yí ìdí igi ká mọ́, tó wá gbọ̀nà ẹ̀gẹ́ aládùúgbò lọ. Lójú olóko rọ́bà, irúgbìn tó wúlò ni. Lójú ẹni tó gbin ẹ̀gẹ́ sí ààlà, igbó ni. Òtítọ́ sì ni àwọn méjèèjì ń sọ.

 

Ní ti Mikania, bí èyí tó wà ní Rẹ́mọ bá jẹ́ cordata, kò sí agbéniwá tí a lè nà ní ìka. Ìbéèrè tó kù ni pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ tí ọmọ ilẹ̀ fi di aṣebi. Bó bá jẹ́ micrantha, a jẹ́ pé ẹnì kan tàbí nǹkan kan ló gbé e dé, ó sì yẹ ká wádìí ibi tó gbà wọlé. Ẹ̀sùn Ṣáínà kò tilẹ̀ dúró rárá: Ṣáínà fúnra rẹ̀ ló ń sunkún micrantha, pàápàá ní Guangdong.

Kí ló dé tó fi ń yára bẹ́ẹ̀?

Ọmọdé Mikania micrantha lè gùn ní sẹ̀ǹtímítà 8 sí 9 láàárín wákàtí 24 bí òjò àti oòrùn bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìwé ìwádìí sọ pé ìdí kan lè so irúgbìn tó 40,000 lọ́dún. Irúgbìn sì kọ́ ni agbára rẹ̀ tó ga jù. Oríkèé rẹ̀ ni. Ibikíbi tí oríkèé okùn náà bá ti fara kan ilẹ̀ tútù, gbòǹgbò á yọ. Bí àdá bá gé okùn kan sí ọ̀nà mẹ́wàá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní oríkèé, ó lè di ìdí mẹ́wàá. Ẹni tó bá sán an lẹ́ẹ̀kan lọ́dún tó sì fi ohun tó gé sílẹ̀ nínú òjò ti gbìn ín nìyẹn.

Ohun tí kò fẹ́ ni òjìji. Nínú igbó tí igi rẹ̀ pàdé lókè, kò lè ṣe púpọ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀nà, bèbè odò, ààlà oko, ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán, ibi tí igi ńlá ti wó: àwọn ibẹ̀ ni ilé rẹ̀. Irú ibẹ̀ sì ti pọ̀ sí i ní Rẹ́mọ. Láti Ṣágámù dé Ògèrè àti Ìṣarà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, àti ní agbègbè pápákọ̀ òfuurufú tó wà níhà Ìpẹru àti Ìlíṣàn, ilẹ̀ oko ti di pílọ́ọ̀tì. Wọ́n á rà á, wọ́n á fi katakata ṣí i, wọ́n á mọ fẹ́ǹsì, wọ́n á sì lọ fún ọdún bíi mélòó kan. Igi tó ń ṣíji ti lọ, ẹni tó ń roko ti lọ, oòrùn àti fẹ́ǹsì tí ìtàkùn á gùn ló kù. Táyà katakata tó kúrò ní sáìtì kan lọ sí òmíràn sì lè gbé àjákù okùn àti irúgbìn mọ́ ẹrẹ̀.

Oko obì ní ìṣòro tirẹ̀. Gbànja ló sọ ọjà Ṣágámù di ibi tí àwọn oníṣòwò Hausa ń wá, ọ̀pọ̀ oko náà sì ti gbó. Bí bàbá tó ń tọ́jú rẹ̀ bá kú, tí àwọn ọmọ wà l'Ékòó, igi kan á wó níhìn-ín, òmíràn á kú lọ́hùn-ún, òjìji á já, ìtàkùn á sì gba àyè yẹn wọlé.

Ṣé ó ń fa ẹ̀jẹ̀ igi ni?

Èyí ló ń da ọ̀pọ̀ rú, nítorí wọ́n ń pa ìtàkùn pọ̀ mọ́ àfòmọ́. Àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò nínú ilẹ̀. Ara ẹ̀ka obì tàbí kòkó ló fìdí sí, omi igi náà ló sì ń mu. Ẹ̀ka tó wà lórí rẹ̀ ni ènìyàn ní láti gé. Mikania àti puero ní gbòǹgbò tiwọn nínú ilẹ̀. Wọn kì í mu igi, wọ́n ń gba oòrùn lọ́wọ́ rẹ̀ ni, ìwúwo wọn sì ń fa ẹ̀ka ya, pàápàá bí ìjì bá jà lẹ́yìn òjò. Mikania tún ń tú èròjà kan sílẹ̀ tó ń fa ọwọ́ ìdàgbà irúgbìn mìíràn sẹ́yìn. Igi obì tó ti dàgbà lè fara dà á fún ìgbà díẹ̀. Kòkó kékeré àti ẹ̀gẹ́ olóṣù mẹ́ta kò lè fara dà á.

Báwo ni àgbẹ̀ ṣe lè kápá rẹ̀ láìlo kẹ́míkà?

Ní ti Mikania, àsìkò ló ju gbogbo nǹkan lọ. Òjò Ìjẹ̀bú máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin, á sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, á tún padà nínú oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Bí òjò bá ń lọ tí ẹ̀ẹ̀rùn ń wọlé ni ó sábà máa ń yọ òdòdó. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí òdòdó funfun bo fẹ́ǹsì kó tó mú àdá ti pẹ́. Ìsinmi oṣù kẹjọ dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí ohun tí wọ́n gé á rí oòrùn gbẹ, irúgbìn kò sì tíì sí lára rẹ̀.

Bó bá ti gun igi, ẹ má fà á wálẹ̀, ẹ̀ka obì ni yóò bá a wá. Ẹ gé e nídìí, ẹ fi ti òkè sílẹ̀ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wa ìdí àti gbogbo oríkèé tó ti ta gbòǹgbò. Ohun tí ẹ bá kó jọ, orí páànù tàbí tàpólì ló yẹ kó ti gbẹ, kì í ṣe ilẹ̀ lásán, kì í sì í ṣe gọ́tà tàbí odò: omi á gbé e lọ fún ẹlòmíràn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ padà lọ wò ó. Èyí ni ọ̀pọ̀ kì í ṣe, òun náà ló sì ń mú kí wọ́n ní “mo ti gé e, kò gbọ́.”

Nítorí pé kò fẹ́ òjìji, ohun tí ẹ bá gbìn rọ́pò rẹ̀ ṣe pàtàkì tó gígé. Ẹ̀gúsí tí wọ́n gbìn sáàárín ẹ̀gẹ́ tàbí àgbàdo máa ń tètè bo ilẹ̀. Nínú oko obì tó ti dá ihò, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló yára jù láti dá òjìji padà nígbà tí obì tuntun ń dàgbà.

Puero rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ewúrẹ́ àti àgùntàn fẹ́ràn rẹ̀, kí wọ́n sì máa roko yí ìdí igi ká ti tó nínú oko rọ́bà àti ọ̀pẹ. Wèrèpè ní tirẹ̀ ń fẹ́ aṣọ alápá gígùn àti kí wọ́n gé e kí èso rẹ̀ tó gbẹ. Ẹ má sun èyí tó ti gbẹ níbi tí atẹ́gùn wà. Irun rẹ̀ ni yóò máa fò káàkiri.

Iyọ̀ àti ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ń pa ewé tí wọ́n bá kàn, òótọ́ ni. Ilẹ̀ ni wọ́n ń bà jẹ́ ju ìtàkùn lọ, ọ́ìlì náà sì lè ṣàn dé kànga.

Kẹ́míkà ńkọ́?

Ibí ni àríyànjiyàn ti le jù. Àwọn tó ń lò ó ní iye tí lébìrà ń gbà lójúmọ́ kò jẹ́ kí sísán ṣeé ṣe mọ́ fún oko ńlá. Glyphosate ni wọ́n ń lò jù. Ewé ló ń gbà á, ó sì ń wọlé dé gbòǹgbò, ìdí rẹ̀ nìyí tó fi ń pa ìtàkùn ju kẹ́míkà tó kàn ń jó ewé lọ. Ṣùgbọ́n kì í mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́: ẹ̀gẹ́ tútù tàbí obì kékeré tó bá fọ́n sí lára á bá a lọ. Apakoríko mìíràn, 2,4-D, máa ń dá àgbàdo sí, àmọ́ kì í dá ẹ̀gẹ́, kòkó tàbí obì sí.

Àwọn tó takò ó ń sọ̀rọ̀ ìlera. Ní 2015, IARC, ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tó ń rí sí àrùn jẹjẹrẹ, pe glyphosate ní ohun tó ṣeé ṣe gan-an kó fa jẹjẹrẹ. Àjọ EPA ti Amẹ́ríkà ní òun kò gbà bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá lò ó bí ìwé ara rẹ̀ ṣe wí, àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù náà sì tún fún un láṣẹ ọdún mẹ́wàá ní 2023. Ní Nàìjíríà, wọn kò fòfin dè é. Paraquat, apakoríko mìíràn, ni NAFDAC fòfin de kíkó wọlé àti ṣíṣe rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2024, apakoríko atrazine sì tẹ̀ lé e ní ọjọ́ kan náà ní 2025. Paraquat kò ní oògùn tó ń pa oró rẹ̀ bí ènìyàn bá gbé e mì. Bí ẹ bá ṣì rí i lọ́jà, tàbí tí ẹnì kan bù ú sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún yín, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Ṣé kò sí kòkòrò tàbí àrùn tó lè jẹ ẹ́?

Ó wà fún micrantha. Olu tíntínní kan, Puccinia spegazzinii, máa ń sọ ewé àti okùn rẹ̀ di alámì bí irin tó dógùn-ún, títí okùn náà á fi kú. Íńdíà tú u sílẹ̀ ní 2005, Ṣáínà tẹ̀ lé e ní 2006. Kò fìdí múlẹ̀ ní àwọn ibẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ó rí àyè ní Taiwan, Papua New Guinea àti Fiji. Àwọn tó ń fẹ́ irú ọ̀nà yìí ń tọ́ka sí Gánà, níbi tí wọ́n ti tú àfòpiná kan tí ìdin rẹ̀ ń jẹ ewé Akíntọ́lá sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990.

Ìyàtọ̀ wà o. Akíntọ́lá kò ní ẹbí tímọ́tímọ́ nínú igbó wa, Mikania ní. Olu tó ń pa micrantha lè kan cordata tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀, wọ́n sì ní láti dán ìyẹn wò dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó gbé e wọ Nàìjíríà. Bó bá sì jẹ́ cordata ló wà lórí fẹ́ǹsì wa látilẹ̀wá, kò sí ìdí tí a fi máa ronú kàn án rárá.

Ta ló yẹ kó mójú tó o?

NAQS, àjọ ìjọba àpapọ̀, ló ń ṣọ́ ibodè lórí ohun ọ̀gbìn tó ń wọlé. Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó gbà ní oṣù kejìlá 2022, nínú àdéhùn àgbáyé Kunming àti Montreal lórí ohun abẹ̀mí, pé wọn yóò dín wíwọlé àti fífìdímúlẹ̀ àjèjì apanilára kù ní ìdajì títí di 2030. Gbogbo èyí kan micrantha. Kò kan cordata, kò sì kan puero tí wọ́n fọwọ́ ara wọn gbìn.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tó wà nílẹ̀ rẹ̀ lè gé ẹ̀ka tó ní òdòdó àti irúgbìn, kó tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn kó gbẹ, kó kọ orúkọ ìlú àti ọjọ́ sí i, kó sì gbé e lọ sí ilé àkójọ ewéko FRIN, ilé ìwádìí ìjọba lórí igbó, ní Ìbàdàn, tàbí sọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ewéko ní Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ, Àgọ́-Ìwòyè. Ní ti bí wọ́n ṣe ń kápá rẹ̀ lóko, OGADEP, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn tó ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́, ní ọ́fíìsì ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ìkẹ́nnẹ́.

Ọ̀rọ̀ ààlà ló kù, òun ló sì ń dá ìjà sílẹ̀ jù láàárín aládùúgbò. Àgbẹ̀ á gé tirẹ̀ dé ẹsẹ̀ fẹ́ǹsì, ìtàkùn á tún gba orí fẹ́ǹsì padà wá láti pílọ́ọ̀tì tí olówó rẹ̀ wà l'Ékòó tàbí lókè òkun. Àwọn onílẹ̀ ní àwọn kò lè máa san owó igbó sísán fún ilẹ̀ tí àwọn kò tíì kọ́. Àwọn àgbẹ̀ ní ẹni tó ra ilẹ̀ ra igbó rẹ̀ mọ́ ọn. Bí wọn ò bá tíì yanjú ìyẹn, kí àgbẹ̀ wá nọ́ńbà onílẹ̀ náà lọ́wọ́ ẹni tó bá wọn tà á tàbí lọ́wọ́ baálẹ̀, kí wọ́n sì jọ fẹnu kò lórí ẹni tí yóò sán ẹsẹ̀ fẹ́ǹsì méjèèjì kí oṣù kẹjọ tó parí.